Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì lápútọ́ọ̀pù yín: update Windows tó kọ̀ tí kò wọlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé-ìwé girama ni mí ní Òṣogbo. Mo ra lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, HP EliteBook 840 G5, dísíkì SSD rẹ̀ jẹ́ 128GB, Windows 11 Pro ló wà lórí rẹ̀. Update oṣooṣù fẹ́ wọlé, ó kọ̀, ó kọ 0x80070070. Àbúrò mi ní ààyè ló tán. Ó wọ inú drive C, ó sì pa àwọn nǹkan ńlá kan rẹ́ nínú fódà Windows. Ààyè wá wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, 0x800f081f ló ń kọ. Yóò gba update náà sílẹ̀ tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí i, tó bá dé ibì kan yóò dúró, yóò ní kí n tẹ Retry. Dátà mi ń lọ ṣáá. Wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́, bátìrì rẹ̀ kò sì lágbára. Ẹnjiníà àdúgbò wa ní àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Nóòtì iṣẹ́ mi, ìbéèrè ìdánwò àti máàkì àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

Ìdáhùn: Ọ̀nà mìíràn wà, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, tí ẹ sì sọ èyí tó ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń sọ pé "ó ń kọ error" ni. Ìtàn kan ṣoṣo ni nọ́ńbà méjèèjì jọ ń sọ: ohun tí àbúrò yín ṣe láti tún àkọ́kọ́ ṣe ló bí èkejì.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ dá dátà yín dúró ná. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Windows Update, ẹ tẹ Pause. Windows 11 yóò gbà kí ẹ dá update dúró títí dé ọ̀sẹ̀ 5. Kò sí èrè kankan nínú kí ẹ máa tẹ Retry báyìí. Bó bá gba update náà sílẹ̀ nígbà ogún, ibi kan náà ni yóò ti kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà àkọ́kọ́. Nígbà tí kóòdù Windows bá fi 0x8007 bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Òǹkà tó ń lọ ní mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe èyí tó ń lọ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. 0070 níbẹ̀ jẹ́ 7 lọ́nà 16, ìyẹn 112. Nínú àkójọ àṣìṣe Windows, 112 ni pé ààyè tó wà lórí dísíkì kò tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni 0x80070020 ṣe jẹ́ 32, tó túmọ̀ sí pé ètò mìíràn di fáìlì tí update fẹ́ lò mú, antivirus ló sì sábà máa ń jẹ́. 0x80070005 ni pé wọn kò fún update láyè láti fọwọ́ kan ohun tó fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lè máa fi ṣe eré. Nítorí náà, òótọ́ ni àbúrò yín sọ, ààyè ló tán. Ibi tó ti lọ wá ààyè ni kò dára.

Bí èèyàn bá ṣí fódà Windows tó ń wá ohun tó tóbi níbẹ̀, WinSxS, fódà tí Windows ń kó fáìlì ìpìlẹ̀ rẹ̀ sí, ni ojú rẹ̀ máa bọ́ sí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé òun ni àbúrò yín dé bá. Ìwọ̀n tí ẹ ń rí lójú fódà náà kì í ṣe òtítọ́ tán. Púpọ̀ nínú fáìlì inú rẹ̀ ló jẹ́ fáìlì kan náà tó wà nínú System32. Orúkọ méjì ni fáìlì kan ń jẹ́, File Explorer sì ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Windows fúnra rẹ̀ kì í gbà kí wọ́n pa á rẹ́. TrustedInstaller, ètò kan nínú Windows, ni ó fi ṣe ẹni tó ni fódà náà, kódà admin kò lè fọwọ́ kàn án àfi tó bá kọ́kọ́ fi tipátipá gba àṣẹ lé e lórí. Mi ò bá àbúrò yín wí o. Fídíò tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gba àṣẹ yẹn pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń ṣe é kì í sì í dúró sọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni 0x800f081f. Orúkọ tí àwọn tó kọ Windows fún un ni CBS_E_SOURCE_MISSING: orísun fáìlì ti sọnù. Láti ìgbà Windows 10 version 1809, ní 2018, update oṣooṣù kì í gbé odidi fáìlì wá mọ́, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó fúyẹ́ lórí dátà. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin fáìlì ìpìlẹ̀ àti fáìlì tuntun nìkan ló máa ń gbé wá. Windows yóò wá lọ mú fáìlì ìpìlẹ̀ nínú WinSxS, yóò so ìyàtọ̀ náà mọ́ ọn, fáìlì tuntun yóò sì jáde. Bí ìpìlẹ̀ bá ti lọ, ṣe ló dà bí aránṣọ tí wọ́n gbé apá bùbá fún pé kó so ó mọ́ ara bùbá, tí ara bùbá sì ti sọnù. Kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n rán tó.

Ẹ mẹ́nu ba iná tí wọ́n mú lọ. Ó lè ba nǹkan jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Windows máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, bí iná bá lọ, yóò padà sẹ́yìn. Iná tó lọ lẹ́ẹ̀kan kọ́ ni mo fura sí.

Pé fáìlì ìpìlẹ̀ ló sọnù náà ló jẹ́ kí n tako ìmọ̀ràn kan tí ẹ máa gbọ́ níbi gbogbo, pé kí ẹ dá iṣẹ́ Windows Update dúró kí ẹ sì pa fódà SoftwareDistribution, ibi tí update tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń wà, rẹ́. Ó dára bí fáìlì tí wọ́n gbà sílẹ̀ bá bàjẹ́. Tiyín kò bàjẹ́. Ohun tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ kò ju pé ẹ ó tún fi dátà gba update kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kàn ni nóòtì àti máàkì yín. Ẹ dà wọ́n sórí hádìdísíkì tàbí fíláṣì, kí ẹ sì ṣí méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kí ẹ lè rí i pé wọ́n ń ṣí. Ẹ má ṣe gbàgbé Desktop àti Downloads, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè ìdánwò máa ń fara pamọ́ sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Command Prompt: ẹ tẹ Start, ẹ kọ cmd, ẹ yan Run as administrator. Ẹ wá kọ:

manage-bde -status C:

Bí ẹ bá rí Protection On, a jẹ́ pé dísíkì yín ti wà lábẹ́ àgádágodo BitLocker, ó sì lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-díjíìtì 48 lọ́wọ́ yín ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ibi tí lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ti ń mú èèyàn nìyí. Bó bá jẹ́ pé àkáǹtì Microsoft ẹni tó tà á fún yín ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni kọ́kọ́rọ́ náà wà. Ní báyìí tí Windows ṣì ń ṣí, ẹ kọ:

manage-bde -protectors -get C:

Yóò gbé nọ́ńbà náà jáde síwájú yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe sínú lápútọ́ọ̀pù náà. Ẹ tún yọjú sí Settings, ní Accounts. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, ẹ mójú tó o lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá parí.

Ẹ wo ìlera SSD náà pẹ̀lú. Ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí admin, ẹ kọ Get-PhysicalDisk, kí ẹ sì wo ohun tó wà lábẹ́ HealthStatus. Bí kò bá jẹ́ Healthy, ẹ dúró níbẹ̀. Dísíkì tuntun lẹ nílò, owó ẹnjiníà yóò sì ṣòfò bí wọ́n bá fọ́máàtì èyí tó ń kú lọ. Ní ti bátìrì, powercfg /batteryreport yóò ṣe ìwé kan, yóò sì sọ ibi tó fi pamọ́ sí. Nínú rẹ̀, ẹ fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY. Bí èyí tó kù kò bá tó ìdajì, ẹ gbé iṣẹ́ yìí lọ síbi tí íńfátà wà, tàbí ní alẹ́ ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ máa ṣiṣẹ́ pẹ́. Iná tó lọ láàrin àtúnṣe tí à ń lọ bá yìí kò ní rọrùn bíi ti update oṣooṣù.

Kí a padà sórí ààyè, nítorí òun ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Dísíkì 128GB yín, bí 119GB ni Windows máa kọ, nítorí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ ń gbà ka GB yàtọ̀ sí ti Windows. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá bí 20GB kò bá ṣófo. Ẹ wọ Settings, System, Storage, ẹ tẹ Temporary files. Ẹ yan Delivery Optimization Files, Windows Update Cleanup, àti Previous Windows installation bó bá wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àpótí Downloads tó wà láàrin wọn: Windows ka fódà yẹn mọ́ ohun tó ṣe é dà nù, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni scheme of work yín wà. Ẹ wo fídíò WhatsApp tó ti kó jọ. Bí kò bá tíì tó, ẹ kọ powercfg /h off nínú Command Prompt. Fáìlì tó fi ń sùn, tó sábà máa ń tó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún RAM, yóò lọ. Lórí ẹ̀rọ oní-8GB, bí 3GB nìyẹn. Lápútọ́ọ̀pù náà kò ní lè ṣe Hibernate mọ́, bóyá yóò sì pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá kan àtúnṣe gan-an. Nínú Command Prompt admin:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń ka WinSxS, ó ń wo ohun tó sọnù, ó sì ń lọ gbé e wá láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Nítorí náà ó nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò sì jẹ dátà díẹ̀. Ó máa ń dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́, pàápàá ní 62.3%, tí èèyàn á fi rò pé ó ti kú. Ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tó bá parí ni kí ẹ tó kọ sfc /scannow. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sfc, ó sì lòdì, nítorí inú WinSxS kan náà ni sfc ti ń mú fáìlì tó fi ń ṣe àtúnṣe.

Ẹ wá ṣí C:\Windows\Logs\CBS\CBS.log pẹ̀lú Notepad, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ wá Total Detected Corruption àti Total Repaired Corruption. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá dọ́gba, ẹ tan update padà, ó ṣeé ṣe kó wọlé lójú ẹsẹ̀. Bí DISM fúnra rẹ̀ bá kọ 0x800f081f pé òun kò rí orísun, kò yà mí lẹ́nu, torí ohun tí àbúrò yín pa rẹ́ lè pọ̀ ju èyí tó lè kó jọ lọ. Àwọn kan á ní kí ẹ fi ISO, fáìlì ńlá kan tó kó odidi Windows sínú, ṣe orísun fún DISM. Mo ti dẹ́kun ìyẹn. Fáìlì inú ISO sábà máa ń dàgbà ju èyí tí update ti sọ Windows yín dà lọ, wọn kì í bára mu, èèyàn á kàn lo ọjọ́ kan lórí rẹ̀.

Ohun tí mo máa ṣe ní tèmi ni kí n tún Windows gbé lé ara rẹ̀ láìpa nǹkan kan rẹ́. Yóò kó odidi WinSxS tuntun wá, ètò yín àti fáìlì yín yóò sì wà níbi tí wọ́n wà. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní wà nínú Settings, System, Recovery: Fix problems using Windows Update, ẹ tẹ Reinstall now. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n orí dátà yín ni gbogbo rẹ̀ máa bọ́ sí. Èkejì ni mo fẹ́ fún yín, nítorí pé ẹ lè gbà á sílẹ̀ níbòmíràn, bóyá níbi tí ọ̀rẹ́ yín ti ní íńtánẹ́ẹ̀tì tó já gaara, kí ẹ gbé e sórí fíláṣì mìíràn wá sílé.

Orí ìkànnì Microsoft nìkan ni kí ẹ ti gba ISO Windows 11, ní microsoft.com/software-download/windows11. Ó lé ní 5GB. Fíláṣì tí wọ́n ṣe ní FAT32 kì í gba fáìlì tó bá tó 4GB, bó ti wù kí ààyè orí rẹ̀ pọ̀ tó, nítorí náà ẹ sọ fíláṣì náà di exFAT kí ẹ tó lọ. Èdè rẹ̀ ni wọ́n máa bi yín, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹ kọ dism /online /get-intl lórí lápútọ́ọ̀pù yín, ẹ wo Default system UI language. Bó bá jẹ́ en-US, ẹ gba English (United States). Bó bá jẹ́ en-GB, tó wọ́pọ̀ lórí tòkunbọ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, English International ni kí ẹ gbà.

Ẹ gbé ISO náà sórí drive C, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò ṣí bíi CD. Ẹ tẹ setup.exe inú rẹ̀. Láti inú Windows tó ń ṣiṣẹ́ lẹ ti máa ṣe é o, ẹ má ṣe tan lápútọ́ọ̀pù náà láti orí fíláṣì, ọ̀nà fọ́máàtì nìyẹn. Bí setup bá fẹ́ wá update lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ Change how Setup downloads updates, ẹ yan Not right now kí dátà yín má bàa lọ. Níkẹyìn yóò gbé ohun tó fẹ́ ṣe síwájú yín, níbi tí a ti gbọ́dọ̀ rí Keep personal files and apps. Bí ìlà yẹn bá ti ṣókùnkùn tí kò ṣe é yàn, ẹ pa setup dé. Èdè tàbí edition (Home tàbí Pro) kò bára mu, tàbí kí ISO náà dàgbà ju Windows yín lọ. Bó bá ṣe é yàn, ẹ tẹ Install, ẹ fi ṣájà sí i, ẹ yọ fíláṣì àti ohun gbogbo mìíràn, kí ẹ sì lọ se oúnjẹ. Yóò pa ara rẹ̀, yóò tan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná rẹ̀.

Nígbà tó bá parí, ẹ yọ Pause kúrò kí ẹ jẹ́ kí update oṣù yẹn wọlé. Ẹ ó rí fódà Windows.old lórí C; ó fi ọjọ́ 10 dúró kí ẹ lè padà sẹ́yìn bí nǹkan bá ṣe, lẹ́yìn náà Windows fúnra rẹ̀ yóò kó o lọ. Ẹ sọ fún àbúrò pé kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ wá wọ Network, ẹ tan Metered connection fún Wi-Fi fóònù yín, kí update má bàa máa gba nǹkan láìbéèrè lórí dátà olówó gọbọi.

Ní ti ẹnjiníà yín, ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tọ̀nà pátápátá. Ní ọjà, àwọn kan máa ń fi Windows tí wọ́n ti gé kúrú sórí tòkunbọ̀ kí ó lè yára lójú oníbàárà. Nínú àwọn kan nínú wọn, wọ́n ti yọ WinSxS fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láti ìbẹ̀rẹ̀. Tiny11 Core jẹ́ ọ̀kan, ẹni tó ṣe é sì sọ ọ́ gbangba pé kò lè gba update. Bí lápútọ́ọ̀pù yín kò bá ní Microsoft Store tàbí Windows Security rárá láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, ẹ fura. Irú ìyẹn, DISM kò lè tún un ṣe láéláé, kí wọ́n tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó tì í, kó jẹ́ ISO Microsoft ni wọ́n lò, kí ẹ sì kọ̀ ètò activator, èyí tó ń fi jìbìtì ṣí Windows tí a kò sanwó rẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ fi kún un. Bó bá jẹ́ Windows Pro ni HP fi ránṣẹ́ jáde, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà nínú BIOS, ètò tó wà nínú bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, Windows yóò rí i fúnra rẹ̀.

Bí setup bá sì padà sẹ́yìn láàrin iṣẹ́, nọ́ńbà tó máa kọ kò ní jẹ́ ti tẹ́lẹ̀. 0xC1900101 ni pé dírábà kan, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ohun èlò inú ẹ̀rọ, ni kò jẹ́ kó lọ: ẹ gba BIOS àti dírábà tuntun fún 840 G5 lórí ìkànnì HP, ẹ yọ antivirus tí kì í ṣe ti Windows kúrò, kí ẹ tún un ṣe. 0xC1900208 ni pé ètò kan wà níbẹ̀ tí kò bá Windows tuntun mu. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ sínú C:\$WINDOWS.~BT\Sources\Panther, fódà tó fara pamọ́ ni, ẹ gbé setuperr.log inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà tó kọ, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó.